Àtàńpàkò Mi Lórí Ìwé Ilé Ìfọ̀

Mọ́jísọ́lá, ọmọ Àbẹ̀kẹ́,

Bí ìwé yìí bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, gbé Tèmi ọmọ ẹ fún bàbá ẹ̀, kó o jókòó. Ìyá Kọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi ní Àgbàdo níbí, òun ló ń bá mi kọ ọ́. Mò ń sọ, ó ń kọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bá mi fi ṣúgà sí i. Bí rélùwéè bá ń kọjá, tábìlì máa ń gbọ̀n. Bó o bá rí ibi tí bírò ti yà bàrá, rélùwéè ni, kì í ṣe pé ọwọ́ Ìyá Kọ́lá ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe pé ohùn tèmi gbọ̀n.

Ara mi le. Orúnkún nìkan ló ń bá mi jà. Mi ò ní kí ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú mi ò dùn, mi ò sì lè máa da oyin sórí ọ̀rọ̀ fún ọmọ tí mo fi inú mi bí.

Sọ́ńdè tó kọjá lo wá sọ́dọ̀ mi. O ní ẹ ti rí ilẹ̀ ní Mówè, pé ẹ fẹ́ kúrò nínú yàrá méjì tẹ́ ẹ háyà n'Ìbàfò. Mo jó lórí ìjókòó, o rí mi. Mo wá bi ẹ́ pé orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sórí ìwé ilẹ̀. O ní, “Ti Dàpọ̀ ni, Màámi. Èmi ni màá sáìn bí ẹlẹ́rìí. Ó ti tó.” Mo ní kí ló dé tí kì í ṣe ẹ̀yin méjèèjì, ṣebí ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń dá owó ilẹ̀ ọ̀hún. O bú sẹ́rìn-ín. “Màámi! Ṣé ẹ fẹ́ kí ọkọ mi máa rò pé mò ń retí ikú òun ni?”

Mo yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan míì. O rò pé mo gbà. Mi ò gbà o. Gbólóhùn tó o sọ yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, kó o tó dáyé. Ó jọ pé inú ọmú mi lo ti mu ún.

Sátidé tó ń bọ̀ lẹ máa lọ tọwọ́ bọ̀wé. Ìyẹn ni mo fi ń sáré.

O mọ bàbá ẹ ní àgbà, èmi mọ̀ ọ́n ní ọ̀dọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn fadá ló ti jáde. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ta òróró sí i lọ́wọ́ kó di fadá ló bá ní òun fẹ́ ìyàwó. Ó fẹ́ obìnrin kan, obìnrin yẹn kú, ó fi ọmọkùnrin méjì sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó wá rí èmi, ọmọbìnrin láti ìhà Ọ̀ṣun, tí kò mọ á, tí kò mọ bí. Fùfú ni mò ń ṣe. Òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní Látìnì nílé ìwé ìjọ. Nígbà tó yá, ilé ìwé yọ Látìnì kúrò, wọ́n ní kó máa kọ́ wọn ní Bíbélì. Síbẹ̀ gbogbo Ìfọ̀ ò yéé pè é ní Tíṣà Látìnì, òun náà ò sì yéé kọ́ ọ. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, á kó ọmọ mẹ́rin márùn-ún jọ sí pálọ̀, èmi á máa sẹ́ fùfú lábẹ́ fèrèsé. Etí mi ò dí. Ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú ilé, èmi náà ń kọ́ ọ níta.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ. Domus. Ilé ni. Ìyá Kọ́lá ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Nínú èdè yẹn, ìrù ọ̀rọ̀ ló máa ń yí bí iṣẹ́ ẹ̀ bá ṣe yí. Bí ilé bá dúró láyè ara ẹ̀, domus. Bó o bá fẹ́ sọ pé nǹkan jẹ́ ti ilé, domus náà ni, ṣùgbọ́n o máa fa ẹ̀yìn ẹ̀ gùn. Bó o bá ń kọ́ ọ lọ́wọ́, tàbí o ń lọ síbẹ̀, domum. Bó o bá ti ibẹ̀ jáde, domo. Bó o bá wà nínú ẹ̀, tó o jókòó, tí ẹsẹ̀ ẹ balẹ̀, domi. Tíṣà ní ìrù domi yẹn, ti ayé àtijọ́ ni. Ó ní gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní in tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ilé àti orúkọ ìlú àti ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó ń bi wọ́n. “Mo wà nílé! Kí ni ká wí?” Ọ̀kan ní domo, ìkejì ní domum. “Ẹ̀yin olórí kunkun, mo ní mo wà nílé!” Èmi náà bá pariwo láti ìdí àwo fùfú: “Domi!” Pálọ̀ hó gèè. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Sà, ìyàwó yín ti gba ipò kìíní o.” Bàbá ẹ yọrí lójú fèrèsé.

“Àbẹ̀kẹ́, ta ló bi ẹ́? Fùfú ni mo fi ẹ́ sí.”

“Fùfú náà wà domi, Tíṣà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Nígbà táwọn ọmọ lọ, ó jáde wá jókòó tì mí, ó ń ṣàlàyé. Mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ó dùn mọ́ mi bí oúnjẹ. Ó ní wọ́n pín àwọn ọ̀rọ̀ orúkọ èdè yẹn sí agboolé márùn-ún. Agboolé kẹrin ni domus wà, ọkùnrin ló sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Obìnrin ibẹ̀ ò tó nǹkan. Ó dárúkọ méjì: manus, ọwọ́, domus, ilé. Ó ní wọ́n wọṣọ ọkùnrin o, ṣùgbọ́n obìnrin ni wọ́n. Ó ní domus ò tiẹ̀ fi gbogbo ara gbé agboolé kẹrin. Ó máa ń lọ yá aṣọ wọ̀ ní agboolé kejì, bí ìyàwó tó fi ẹsẹ̀ kan wà nílé ọkọ, tó fi ìkejì wà nílé bàbá ẹ̀.

Mo bi í pé ibo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ó ní ó jìnnà gan-an, pé àwọn Gíríìkì náà ní ìbátan ẹ̀ lẹ́nu, pé nínú ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ kíkọ́, ká kọ́ nǹkan kó dúró, ló ti jáde. Mo ní, “Tó bá jẹ́ kíkọ́ ni, ẹni tó ni ín ńkọ́, kí ni wọ́n ń pè é?” Ó ní, “Dominus. Inú domus náà ló ti bọ́ jáde.” Ẹnu yà mí. Àti kékeré ni mo ti ń gbọ́ Dominus lẹ́nu fadá ní Máàsì, tí mò ń dojú bolẹ̀, àṣé onílé ni wọ́n ń wí! Mo ní, “Bó bá wá jẹ́ obìnrin ló nilé?”

Bàbá ẹ wò mí, ó fi ọwọ́ tó mọ́ nu omi fùfú nù lójú mi. Ó ní, “Domina nìyẹn. Ìwọ nìyẹn.”

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní Domina. O gbọ́ ọ títí o fi dàgbà, o rò pé orúkọ ìfẹ́ lásán ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìwé ni.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, Mọ́jí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ mi. Orúkọ tí ọkùnrin bá ń pè ẹ́ nígbà tí inú ẹ̀ dùn, afẹ́fẹ́ ni. Jẹ ẹ́ ní adùn, má fi orí lé e bí ìrọ̀rí. Dàpọ̀ ń pè ẹ́ ní “ayaba ilé mi”, mo gbọ́ ọ. Ó dáa. Kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìkejì tún burú jù ú lọ. Ọjọ́ tí a ra ilẹ̀ Ìfọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé àwọn ọmọ onílẹ̀ la jókòó sí. Àwa àti tọkọtaya kan ló rà á pọ̀, pílọ́ọ̀tì kan ẹnì kan. Obìnrin yẹn ni Ìyá Sùlé tó o mọ̀, Sàràtù lorúkọ ẹ̀. Kò mọ̀wé jù mí lọ. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé tiwọn tán, ó ní, “Ẹ kà á sókè.” Wọ́n kà á. Ó ní, “Mi ò gbọ́ Sàràtù níbẹ̀.” Ọkọ ẹ̀ ní, “Há, ìyá wa, ẹ jẹ́ á ṣe é ká máa lọ.” Ó ní, “Mi ò kánjú, mi ò gbé nǹkan kaná. Ẹ kọ Sàràtù síbẹ̀.” Ojú ti ọkọ ẹ̀, àwọn ọkùnrin ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ya ìwé yẹn, wọ́n kọ òmíì, wọ́n sì kọ Sàràtù síbẹ̀.

Ó wá kàn wá. Wọ́n ṣí páàdì aláró. Bàbá ẹ sáìn pẹ̀lú bírò, gàgàrà báyìí. Ó wá di ọwọ́ mi mú. Òun fúnra ẹ̀ ló fa àtàńpàkò mi, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ páàdì, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ó ní, “Ibí yìí, Domina.” Lójú gbogbo èèyàn! Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mi ò bi í pé kí ló wà níwájú ibi tí mo tẹ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mi ò gbà á gbọ́. Mi ò sì fẹ́ jọ Ìyá Sùlé.

Nígbà tá a délé, ọwọ́ kan ni mo fi sẹ́ fùfú fún odindi ọjọ́ méjì, torí kí aró yẹn má tètè ṣí lára àtàńpàkò mi. Ọjọ́ kẹta, nídìí ẹ̀rọ omi, mo na ọwọ́ yẹn jáde kí gbogbo obìnrin rí i. Bí Ìyá Sùlé ṣe yọ, mo ní, “Ẹni tó ń kọ orúkọ ara ẹ̀ sórí ìwé ilẹ̀, ikú ọkọ ló ń retí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Ìyá Sùlé gbé garawa ẹ̀ rù. Ó ní, “Ìyàwó Tíṣà, ẹ̀rín yẹn mà dùn o. Ẹ tọ́jú díẹ̀ pamọ́.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó o bá rí obìnrin tó ń béèrè ohun tí ẹ̀rù ń bà ẹ́ láti béèrè, má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ dúró tì í.

A kọ́lé. Kíkọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ṣáà. Omi tí wọ́n fi po búlọ́ọ̀kù ilé yẹn, orí mi ló gbà kọjá; bí fùfú bá tà, sìmẹ́ńtì wọlé. Nígbà tó parí, bàbá ẹ ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì kọ DOMUS sókè ilẹ̀kùn. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á. Èkíní rí bí ikùn aboyún, èkejì bí ojú, ẹ̀kẹta bí àgbàlagbà méjì tó di ara wọn lọ́wọ́ mú, ẹ̀kẹrin bí ife, ìkẹyìn bí ejò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè kà láyé mi nìyẹn.

Bí a bá ń jà, tó bá bínú, mo máa ń sọ fún un pé, “Àtàńpàkò mi wà lórí ìwé ilé yìí o.” Á wò mí, á mú fìlà, á jáde. Mo rò pé mo ti borí ni. Mọ́jí, bàbá ẹ mọ ibi tí àtàńpàkò yẹn wà. Kò sọ fún mi rí, títí ó fi kú.

O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mọ̀lẹ́bí jókòó lẹ́yìn ìsìnkú. Aṣọ funfun ilé ìwé nọ́ọ̀sì wà lọ́rùn ẹ. Àbúrò bàbá ẹ ló di àpótí ìwé mú. Èmi ìyàwó ilé ni mo sọ ọ́ ní Bùọ̀dá Akọ̀wé, bí ìyàwó ṣe ń sọ ọmọ ọkọ lórúkọ, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, mò ń kúnlẹ̀ kí i. Ó ní àwọn ọmọ méjèèjì tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí fẹ́ kí wọ́n ta ilé. Àwọn ọmọ tí mo wẹ̀, tí mo fún lóúnjẹ! Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo dìde. Mo ní wọn ò lè tà á, àtàńpàkò mi wà lórí ìwé.

Ó ní, “Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìyàwó wa. Ẹ wá wò ó.” Ó fi ìka tọ́ ọ. “Òkè níbí, ẹni tó rà á: ẹ̀gbọ́n mi. Ìsàlẹ̀ níbí, ẹlẹ́rìí. Ìka yín rèé. Ẹ̀yin gan-an lẹ jẹ́rìí fún wa pé ilé ẹ̀gbọ́n wa ni.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín yẹn dùn, bíi tèmi nídìí ẹ̀rọ omi.

Ó ní, “Aya kì í jogún ọkọ, ẹ̀yin náà mọ̀.” Wọ́n ní ọmọ mẹ́ta ló ni ilé, àwọn méjì ti fẹ́ tà, ìwọ ọ̀kan ò lè dá wọn dúró. Ìwọ sì tẹnu bọ̀ mí létí: “Màámi, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.” Mi ò tíì dárí ìyẹn jì ẹ́ tán. Mo sọ pé mi ò ní purọ́. Kì í ṣe nítorí pé o lè gbà mí, o kéré. Nítorí pé ó yá ẹ lára jù láti fi ohun tí mo ru lórí sílẹ̀.

Ọwọ́ àti ilé, obìnrin ni àwọn méjèèjì nínú Látìnì bàbá ẹ. Lórí ìwé Ìfọ̀, ọwọ́ ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ obìnrin, wọ́n kó ilé fún ọkùnrin. Ó fi Látìnì pè mí ní onílé, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ mí ní ẹlẹ́rìí.

Èyí tó ń jẹ mí lára jù ni pé bàbá ẹ kì í ṣe èèyàn burúkú. Bó bá jẹ́ ìkà ni, mi ò bá ti bú u kí n sinmi. Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é ló ṣe é. Kò rò pé òun máa kú. Ó rò pé nígbà tóun bá wà, mo wà domi, ó parí. Dàpọ̀ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń bẹ̀rù.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí Ìfọ̀ lọ kí Ìyá Sùlé. Iwájú ilé ẹ̀ ló jókòó sí, ó ń ṣa ìrẹsì. Kò bi mí léèrè nípa ẹ̀rín ọjọ́ yẹn. Ó bu omi fún mi, ó gbé àga fún mi, níwájú ilé tó ní orúkọ ẹ̀ nínú. Láti orí àga yẹn, mò ń wo ilé tiwa. Ẹni tó rà á ti kùn ún ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n kò gbẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Ikùn aboyún, ojú, àgbàlagbà méjì, ife, ejò. Mo kà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè kà láyé mi, ara ilé onílé ló wà.

Èmi ò mọ̀wé, ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tó ń ka ìwé oògùn fún aláìsàn, tí ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ka ohun tí wọ́n ń sáìn! Ìwọ tí o máa fi ojú ara ẹ ka “ẹlẹ́rìí”, tí o máa fi ọwọ́ ara ẹ sáìn síwájú ẹ̀. Èmi, ọkọ ló fa ọwọ́ mi lọ síbẹ̀. Ìwọ fẹ́ rìn lọ síbẹ̀ fúnra ẹ. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àbí ìgbà tí ìyá ẹni bá wà nínú kòtò ni a máa ń bẹ́ sí i láti lọ bá a ṣeré?

Ohun tó o máa ṣe rèé. Bá Dàpọ̀ sọ ọ́ kó tó di Sátidé, lọ́sàn-án, nígbà tó bá ti jẹun yó. Má bá a jà. Má fi ìbínú tèmi bá a sọ̀rọ̀. Tèmi ni, mo ti sanwó ẹ̀. Sọ pé, “Orúkọ àwa méjèèjì ni kí wọ́n kọ, nítorí Tèmi.” Bó bá ní ṣé o ń retí ikú òun ni, sọ fún un pé ìyá ẹ ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, pé ìyá ẹ ti gbà á padà. Bó bá gbà, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa, se ohun tó fẹ́ràn. Bó bá fara ya, má sunkún. Ó ti sọ ohun tó yẹ kó o mọ̀ fún ẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọjọ́ náà, ní Mówè, lójú ọmọ onílẹ̀ àti gbogbo wọn, sọ bíi ti Sàràtù: “Ẹ kà á sókè.” Bí wọ́n bá kánjú, ìwọ má kánjú. Bí wọn ò bá dárúkọ ẹ níbi ẹni tó rà á, fi bírò padà sínú báàgì, kó o máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Yàrá kan ni mo ní, ó ń gbọ̀n bí rélùwéè bá kọjá, ṣùgbọ́n àyè ẹ wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá sì ní àwọn nílò ẹlẹ́rìí dandan, ẹ rán mọ́tò sí mi. Èmi á wá. Mo mọ iṣẹ́ yẹn dunjú.

Ìyá Kọ́lá ti ṣí páàdì ẹ̀ báyìí. Àtàńpàkò mi nìyí nísàlẹ̀, wò ó dáadáa, òun náà ni, ó kàn ti hunjọ díẹ̀ ni. Ìyá Kọ́lá bi mí pé kí lòun máa kọ síwájú ẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà, kó sì kà á sókè fún mi kí n tó tẹ̀ ẹ́:

Ẹni tó ni ọ̀rọ̀.